Onílé ní òun fi owó kósíọ̀n mi kun ilé

Ìbéèrè: Mo ti kó kúrò nílé tí mo yá ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún (60,000) sẹ́fà ni kósíọ̀n mi, owó tí mo fi sọ́wọ́ onílé nígbà tí mo wọlé, tó yẹ kó dá padà. Onílé ní òun ti fi kun ilé. Ṣé ó tọ́?

Ìdáhùn: Kò tọ́. Ọ̀dà tó ṣá nítorí pé ó ti pẹ́, onílé ló yẹ kó fi owó ara rẹ̀ tún un kun. Ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ yín lẹ máa san: gíláàsì tó fọ́, kọ́kọ́rọ́ tó sọnù, owó ilé tó kù, iná SBEE àti omi SONEB. Iná àti omi yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù, torí ìwé owó wọn máa ń dé lẹ́yìn tí ayálégbé ti lọ. Bí ẹ bá ní fọ́tò mítà ọjọ́ tí ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà, ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Ẹ má fi ẹnu nìkan bèèrè mọ́. Ẹ kọ lẹ́tà ní ẹ̀dà méjì: iye owó, ọjọ́ tí ẹ jáde, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbà á. Ẹ ní kó fi rìsíìtì iṣẹ́ tó ṣe hàn, kó sì fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Bó bá kọ̀, ẹ mú ìwé àdéhùn, rìsíìtì kósíọ̀n àti ìwé àyẹ̀wò ilé tí ẹ jọ fọwọ́ sí nígbà tí ẹ wọlé lọ sílé ẹjọ́ Àjàṣẹ́. Òfin 2018-12 ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wà lórí ilé gbígbé tí a yá.