Èsì: Ooru ń mú un yára, kí ló dé tí àmóníà fi ń dín kù?

O béèrè pé bí ooru bá ń mú ìyípadà kẹ́míkà yára, kí ló dé tí àmóníà, gáàsì tí wọ́n ń fi naitrójìn àti haidrójìn ṣe, fi ń dín kù bí iná bá pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ méjì lo pa pọ̀: bó ṣe ń yára sí, àti ibi tí yóò dúró sí.

Ooru ń mú àlọ (naitrójìn àti haidrójìn ń di àmóníà) àti àbọ̀ (àmóníà ń tú padà sí wọn) yára pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n naitrójìn àti haidrójìn máa ń tú ooru sílẹ̀ bí wọ́n bá ń di àmóníà. Bí o bá tún da ooru lé e, àbọ̀ ló máa borí. Ìdí nìyẹn tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń lo nǹkan bí 450°C: bó bá gbóná jù, àmóníà á dín kù; bó bá tutù jù, á pẹ́ jù. Ìfúnpá nǹkan bí 200 atm (ìlọ́po 200 ìfúnpá afẹ́fẹ́ àyíká wa) ń ran àlọ lọ́wọ́, torí mólù (ìwọ̀n tí a fi ń ka iye èròjà) gáàsì 4 ló ń di 2. Irin tó jẹ́ kátálísì (ohun tó ń mú ìyípadà yára láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ tán) kì í fi kún àmóníà tó máa kù nígbẹ̀yìn o, ó kàn ń jẹ́ ká tètè débẹ̀ ni. Jọ̀ọ́, di èyí mú dáadáa.

O lè fojú rí irú àlọ àti àbọ̀ bẹ́ẹ̀. Wo gáàsì NO₂ (naitrójìn dáyọ́ksáídì) nínú túùbù gíláàsì tí wọ́n dí pa; búráùn ni, ṣùgbọ́n ó máa ń so pọ̀ ní méjì méjì di N₂O₄ tí kò ní àwọ̀, á sì tú ooru sílẹ̀: nínú omi gbígbóná, àwọ̀ búráùn rẹ̀ á dúdú sí i, nínú omi yìnyín, á ṣí.