Ẹ Béèrè, Ẹ Ó Gbọ́: Ìbò tí wọ́n ti dì sílẹ̀, àti èsì tá à ń ṣọ́ lóru

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn wa nílé lóko. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, àfi bíi pé ẹ jọ pàdé sọ ọ́ ni, gbogbo ẹ̀ ìbò, ìbò, ìbò. Mo mọ ìdí ẹ̀, ìbò 2027 ló wà lọ́kàn gbogbo wa, ọ̀pọ̀ ò sì tíì gbàgbé bá a ṣe ń sùn tá à ń jí nídìí fóònù lọ́dún 2023. Mo mú mẹ́rin nínú ẹ̀, mi ò ní kánjú lórí ẹ̀kẹta torí òun ló ká mi lára jù.

Ìbéèrè láti Ìsánlú: Ọmọ mi obìnrin tó ti gba ìwé ọmọ ìlú ní Amẹ́ríkà, Pennsylvania ló ń gbé, pè mí ní 2024 nígbà tí ìbò wọn ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní òun ti dìbò tán, orí tábìlì tó ti ń jẹun ló ti kọ ọ́, ó sì fi ránṣẹ́. Ẹnu yà mí. Ìbò tó ti wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣé wọn ò ti ní kà á kí wọ́n mọ ẹni tó wọlé? Kí ló sì ń fà á tí nọ́ńbà tiwọn fi máa ń yí padà láàjìn?

Èsì: Màmá wa, ẹ kú àdúró ti ọmọ, Ọlọ́run á jẹ́ ẹ jèrè wọn. Ìbò dídì lọ́tọ̀, ìbò kíkà lọ́tọ̀, ibẹ̀ gan-an ló ti ń rú èèyàn lójú. Ní Amẹ́ríkà kò sí àjọ kan ṣoṣo bíi INEC tó ń ṣètò ìbò fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló lófin tiẹ̀. Ní Minnesota, ìbò á ṣì ku ọjọ́ 46 tí wọ́n á ti gba àwọn tó bá fẹ́ láyè kí wọ́n wá dì í. Ní 2024, àwọn tó ti dìbò kí ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá, ọjọ́ ìbò gan-an, tó pé lé ní mílíọ̀nù 80. Ohun tí wọ́n ń sọ síta láàárín ìgbà yẹn ni iye èèyàn tó ti dìbò, láwọn ìpínlẹ̀ kan wọ́n á fi ẹgbẹ́ tí wọ́n forúkọ sí kún un, àmọ́ ẹni tí wọ́n dìbò fún kò hàn sẹ́nì kankan. Ẹni tó bá sọ fún yín lọ́sẹ̀ yẹn pé lágbájá ti gbà á, àbá ló ń dá.

Ti òru tó ń yí, ẹ fi wé ìgbà tá a bá ń kówó jọ fún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Owó àwọn tó jókòó sínú gbọ̀ngàn ni akápò á kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn náà ló máa wá já énfílóòpù táwọn ọmọ wa ní Èkó àti Àbújá fi rán dẹ́rẹ́bà, ẹni tó bá ti lọ sílé kó tó já a, nígbà tó bá gbọ́ àpapọ̀ lọ́jọ́ kejì á ní irọ́ ni. Pennsylvania rí bẹ́ẹ̀, òfin wọn ò gbà kí wọ́n ṣí énfílóòpù ìbò kankan ṣáájú aago méje àárọ̀ ọjọ́ ìbò. Florida ní tiwọn ti máa ń ṣí i ṣáájú, wọ́n á ti tọ́jú ẹ̀ sínú ẹ̀rọ, bí wọ́n bá ṣe ní ìbò ti parí báyìí, nọ́ńbà á máa ya jáde. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní 2020, Trump fi ohun tó lé ní 500,000 ṣáájú ní Pennsylvania lóru ọjọ́ ìbò, énfílóòpù tí wọ́n kà kẹ́yìn ló wá gbé Biden sókè torí àwọn tiẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó fi ìbò ránṣẹ́, ó di Saturday, ọjọ́ kẹrin, káwọn ilé ìròyìn tó lè sọ pé òun ló wọlé. Ohun tó fi borí níbẹ̀ ò ju nǹkan bí 80,000 lọ. Ẹni tó bá mọ èyí tí wọ́n máa kà ṣáájú, àyà ẹ̀ ò ní já.

Ìbéèrè láti Kàbà: Agbófinró ni ọkọ mi. Ní 2023 wọ́n gbé e lọ síbòmíì lọ́jọ́ ìbò, káàdì ìdìbò ẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ nílé, kò rí i lò. Ṣé àwa náà ò lè jẹ́ káwọn tó níṣẹ́ lọ́jọ́ náà dì í ṣáájú ni?

Èsì: Ìyàwó wa, ó dùn mí bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́. Ìbò 2023 tá a dì, òfin tá a lò sọ pé yúnìtì tí orúkọ ẹ bá wà nìkan lo ti lè dì í, lọ́jọ́ yẹn náà, kò sí ti ìṣáájú, kò sì sí ti àwọn tó wà lókè òkun. INEC fúnra wọn ti ń bẹ Ilé Aṣòfin pé kí wọ́n ṣí àyè náà. Kì í ṣe ohun tí ò ṣeé ṣe, ẹ wo Ghana níbí. Ọjọ́ 7 oṣù kejìlá 2024 ni wọ́n dìbò ààrẹ, àmọ́ láti ọjọ́ 2 làwọn ọlọ́pàá, sójà, oníròyìn àtàwọn òṣìṣẹ́ ìbò ti dì tiwọn, wọ́n sé àpótí ẹ̀ pa, wọ́n tọ́jú ẹ̀, wọn ò sì ṣí i títí tí ìbò gbogbo ìlú fi parí lọ́jọ́ 7, wọ́n wá kà á pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù. Lójú tèmi, ẹni tó dúró nínú oòrùn látàárọ̀ tó ń ṣọ́ àpótí ẹlòmíì, tí ìbò tiẹ̀ ò sì sí nínú àpótí kankan, a rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ bá aṣojú yín nílé aṣòfin sọ ọ́, kódà kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Ìbéèrè láti Ẹ̀gbẹ̀: Lọ́jọ́ ìbò 2023 mo jókòó ti IReV, ìkànnì tí INEC ń gbé èsì sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, títí ilẹ̀ fi mọ́, ti sẹ́nétọ̀ ń wọlé, ti ààrẹ ò wọlé. Lórí WhatsApp ẹ̀wẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ló ti wọlé. Ọ̀nà wo ni mo lè gbà tẹ̀ lé e tí ọkàn mi á balẹ̀?

Èsì: Àbúrò mi, ọ̀pọ̀ wa ló ṣe irú àìsùn yẹn. INEC sọ lẹ́yìn náà pé àṣìṣe ẹ̀rọ ni kò jẹ́ kí ti ààrẹ gòkè, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì sọ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 2023 pé IReV kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ro èsì pọ̀, ibi tí aráàlú ti lè wò ó ni. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé bébà ló ni èsì. Bébà yẹn, ojú ẹ ni wọ́n ṣe máa kọ ọ́ tó o bá dúró.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Tí aago méjì ààbọ̀ bá lù, tí àwọn tó wà lórí ìlà bá sì dìbò tán, ọ̀gá yúnìtì á da àpótí, á máa nà án sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó jọ kà á. Á kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù èsì tí wọ́n ń pè ní EC8A, àwọn àjẹ́ǹtì ẹgbẹ́ á fọwọ́ sí i, wọ́n á gba kọ́pì, wọ́n á lẹ EC60E, bébà tí wọ́n kọ èsì kan náà sí, mọ́ ògiri fún aráàlú, wọ́n á fi BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò, ya EC8A fún IReV. Ti ògiri yẹn lèèyàn kì í kà sí. Láti ibẹ̀ ni EC8A ń lọ sí wọ́ọ̀dù, ó di EC8B, ó dé lókàlì gọ́fúmẹ́ǹtì, ó di EC8C, ó dé Lọ́kọ́jà olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, ó di EC8D, kó tó wá dé Àbújá. Yúnìtì 176,846 ló wà ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ní òun mọ ẹni tó wọlé ní aago méje alẹ́, níbo ló ti rí gbogbo ìyẹn kó jọ?

Ní yúnìtì tèmi ní 2023, ilẹ̀ ti ṣú, ọmọ kọ́pà náà ń fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì, ọmọdé kan ń bá a fi fóònù tanná, àwa mẹ́rin péré ló kù. Mo yà á lẹ́ẹ̀mejì torí ti àkọ́kọ́ dúdú. Nígbà tí mo gba ibẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ Sunday, afẹ́fẹ́ ti já a, ìdajì ló ń fì lára ògiri. Fọ́tò yẹn ni mo fi wé ti IReV nígbà tó wá gòkè, nọ́ńbà méjèèjì bára mu, bí ọkàn mi ṣe balẹ̀ lórí yúnìtì tèmi nìyẹn.

Tìẹ náà, ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ka ni kó o má yọ fóònù, tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ tán, yà á kí orúkọ yúnìtì àti òǹtẹ̀ hàn dáadáa. Kó o wá wo iye èèyàn tí BVAS yẹ̀ wò. Tí ìbò tó dáa àti èyí tó bàjẹ́ bá ju iye yẹn lọ, òfin 2022 tá a fi dìbò 2023 sọ pé kí wọ́n fagi lé ti yúnìtì náà. Èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí ẹ lórí WhatsApp, béèrè fọ́tò fọ́ọ̀mù ẹ̀, tí kò bá sí, má fi ránṣẹ́ sẹ́nì kankan.

Ìbéèrè láti Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀: Ọmọ wa ni alága INEC báyìí. Ṣé àwa ara ilé ò ní gbọ́ èsì ṣáájú?

Èsì: Òótọ́ ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n Joash Amupitan, ọmọ yín ni, oṣù kẹwàá 2025 ni wọ́n búra fún un, inú gbogbo Ọ̀kun ló sì dùn. Àmọ́ ẹ má pè é lóru ọjọ́ náà, Àbújá ló máa wà, bébà tó ń ti Lọ́kọ́jà bọ̀ ni òun náà ń retí. Iye tí wọ́n bá dì ní yúnìtì yín ní Ayétòrò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró nídìí ògiri lẹ ó ti mọ̀ ọ́n kó tó dé ọwọ́ tiẹ̀.