Ìdí tí ibùdókọ̀ rélùwéè fi ń jìnnà sí abúlé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè ìdí tí ibùdókọ̀ rélùwéè àtijọ́ fi máa ń dá wà láàárín oko, tí abúlé tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ sì jìnnà. Òkè ló sábà máa ń fà á. Irin lórí irin a máa yọ̀, nítorí náà ọkọ̀ ojú irin kì í lè gun òkè bíi mọ́tò. Àfonífojì ni ojú irin ń gbà lọ, abúlé á wà lókè ní tirẹ̀.

Ní Bìrìtéènì, wọ́n á fi "Road" (ọ̀nà, ìyẹn ni pé ọ̀nà ìlú náà ló wà, kì í ṣe inú ìlú) kún orúkọ irú ibùdókọ̀ bẹ́ẹ̀. Bodmin Road, tí wọ́n ṣí ní 1859, fi ohun tó lé ní máìlì 3 jìnnà sí ìlú Bodmin (ẹ wo ẹ̀tàn!). Nígbà tí bọ́ọ̀sì wá ń gbé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé, ta ló fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ín? Lọ́dún 1963, ìròyìn tí Richard Beeching, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ rélùwéè Bìrìtéènì, kọ dábàá pé kí wọ́n ti ibùdókọ̀ tó lé ní 2,300 pa.