Kí ló dé tí ọmọ ogun ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà fi kùnà nínú ogun ọdún 1812?

Ìbéèrè: Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní ìtàn Amẹ́ríkà. Òfin ọdún 1792 ní kí àwọn ọkùnrin ra ìbọn fúnra wọn láti dáàbò bo ìlú. Báwo ni wọ́n ṣe wá kùnà nígbà tí ogun Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì dé lọ́dún 1812?

Ìdáhùn: Inú òfin yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ti wá a. Àwọn tó dá Amẹ́ríkà sílẹ̀ bẹ̀rù ọmọ ogun tó ń gbowó oṣù, torí ọmọ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì ti fojú wọn rí màbo. Nígbà tó fi di oṣù Kẹfà 1784, 80 ọmọ ogun péré ni wọ́n ní kó ṣẹ́kù, láti ṣọ́ ohun ìjà ní West Point àti Fort Pitt. Ará ìlú, tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń pè jáde bí ọmọ ogun rẹ̀, ni wọ́n gbójú lé.

Òfin ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 1792 kan ọkùnrin aláwọ̀ funfun tó lómìnira, tára rẹ̀ le, láti ọdún 18 dé 45. Oṣù mẹ́fà ló ní láti fi wá ìbọn ṣakabùlà, ọ̀bẹ ẹnu ìbọn, òkúta ìṣáná méjì ní ìpamọ́, àti àpò tó gba ìdì ọta 24 ó kéré tán. Owó ara rẹ̀ ni yóò fi rà á. Àmọ́ òfin náà kò dárúkọ ìyà kankan fún ẹni tí kò bá rà á. Ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló fi ìyẹn sí, ìpínlẹ̀ mìíràn ò sì bìkítà. Ọdún 1808 ni ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya $200,000 sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ohun ìjà wọn.

Ìdí kejì ni iṣẹ́ tí Ìwé Òfin, ìyẹn òfin àgbà Amẹ́ríkà, yàn fún ọmọ ogun ìpínlẹ̀. Mẹ́ta péré ni: kí wọ́n mú òfin ṣẹ, kí wọ́n paná ọ̀tẹ̀, kí wọ́n lé ọ̀tá tó bá wọlé. Lọ́dún 1794, nígbà ọ̀tẹ̀ owó orí ọtí ní Pennsylvania, èyí ṣiṣẹ́ dáadáa: Ààrẹ George Washington kó ohun tó lé ní 12,000 jọ láti ìpínlẹ̀ mẹ́rin, ọ̀tẹ̀ sì parí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá 1812, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ìpínlẹ̀ New York dúró sétí odò Niagara, wọ́n ní òfin ò ní káwọn kọjá sí Kánádà, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Gómìnà Massachusetts àti ti Connecticut náà kọ̀ láti fi ọmọ ogun wọn sílẹ̀, wọ́n ní ọ̀tá ò tíì wọlé. Ọdún 1827 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tó sọ pé Ààrẹ nìkan ló lè pinnu ìyẹn.

Ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ rò pé ojo ni wọ́n. Ní Bladensburg, ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 1814, ìdánrawò tí kò tó ló tú wọn ká ní gbangba pápá, tí Gẹ̀ẹ́sì fi dáná sun ìlú Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà. Ní New Orleans, ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 1815, wọ́n fara ti ògiri amọ̀, wọn ò sì yẹsẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, lódìkejì odò Mississippi, àwọn ará Kentucky tí ìbọn wọn ò tó sá.