Èsì: kí ló ń mú páìpù epo dún gbàmù tí wọ́n bá pa fáàfù lójijì?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní pọ́ǹpù ò yí padà rárá, kí ló wá dé tí páìpù dún gbàmù tí gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun tí wọ́n fi ń dí ojú ìsopọ̀ páìpù) sì já bí ọmọ iṣẹ́ yín ṣe pa fáàfù wàrà. Ẹ fi pọ́ǹpù sílẹ̀ o, epo tó ń sáré bọ̀ ló fà á. Epo inú páìpù gígùn wúwo gan-an, tẹ́ ẹ bá dá a dúró lójijì, ti iwájú á dúró, ti ẹ̀yìn á ṣì máa tì í bọ̀, ni préṣọ̀ á bá gbéra tí á máa sáré padà sẹ́yìn, bíi kìlómítà 1 ní sẹ́kọ́ńdì 1. Pẹtiró tó ń sáré mítà 2 ní sẹ́kọ́ńdì, tó bá dúró lẹ́ẹ̀kan náà, préṣọ̀ tó máa gùn lórí ti tẹ́lẹ̀ á tó báà 15 (báà ni wọ́n fi ń wọn préṣọ̀)! Joukowsky, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà, ti ṣírò ẹ̀ láti 1898. Omi ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́ níbí náà ń ṣe é téèyàn bá pa táàpù kíákíá, àmọ́ tiẹ̀ kéré.

Tí páìpù yín bá gùn tó kìlómítà 1, sẹ́kọ́ńdì 2 ni préṣọ̀ yẹn máa fi lọ tó máa fi bọ̀, torí náà pípa tí ò tó sẹ́kọ́ńdì 2, òjijì náà ni, ẹ jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Fáàfù oníbọ́ọ̀lù ni mo fura sí jù, ẹ̀ẹ̀kan téèyàn bá fa ọwọ́ ẹ̀ báyìí ó ti pa nìyẹn. Ẹ wò ó bóyá fáàfù tó ń tú préṣọ̀ sílẹ̀ wà níbẹ̀ àti pé ó ń ṣiṣẹ́.