Kí ló dé tí Java ń sọ pé "non-static method cannot be referenced from a static context"?

Ohun tó fà á ni pé inú main, tó jẹ́ static (ìyẹn ni pé ti class fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe ti object kan), lo ti ń pe method tí kì í ṣe static, o ò sì tíì dá object kankan sílẹ̀ tó máa bá ẹ ṣe é.

Tí Java bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ prógíráàmù, ó kàn máa ń pe main tó jẹ́ static tààrà ni, kì í dá object sílẹ̀ kó tó pè é, torí náà tó o bá ní class Akanti, tó o wá kọ fiOwoSi(500) sínú main báyẹn, Java ò mọ àkáǹtì ta ni kó fi owó náà sí. Bó ṣe yẹ kó o kọ ọ́ nìyí:

Akanti a = new Akanti();
a.fiOwoSi(500);

Àwọn kan á ní kó o kàn fi static sára method yẹn. Error á lọ lóòótọ́, àmọ́ wàá tún ní láti sọ balance (iye owó tó wà nínú àkáǹtì) di static, gbogbo àkáǹtì tó o bá dá sílẹ̀ á wá máa pín balance kan ṣoṣo lò, ìyẹn sì burú ju error lọ. Static dáa fún nǹkan tí ò nílò object, irú bíi Math.sqrt.

Láti Java 25 (2025), o lè kọ main láìfi static sí i, tó o bá wá pe method inú class yẹn kan náà, á ṣiṣẹ́. Àmọ́ wo version tí wọ́n ń lò ní lab yín ná o.