Ṣé wákàtí méje òru tó láti tún ọ̀nà bàálù ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ẹnjinníà. Ẹ̀ka ètò iṣẹ́ ni mo wà ní pápákọ̀ òfurufú. Ọ̀nà bàálù kan ṣoṣo la ní, ọ̀dà ojú rẹ̀ sì ti gbó. Bàálù tó kẹ́yìn ń balẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́, àkọ́kọ́ ń gbéra ní mẹ́fà ìdájí. Agbaṣẹ́ṣe ní àlàfo yẹn tó òun. Ṣé lóòótọ́ ni? Àbí ká tì í pa pátápátá?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má gbà fún un kíá. Ẹ ka aago sẹ́yìn láti mẹ́fà.

Kí bàálù tó gbéra, wọ́n gbọ́dọ̀ ti gbá ojú ọ̀nà, kí wọ́n kun ìlà, kí wọ́n yẹ iná wò, kí ẹnìkan sì fojú wá ilẹ̀ náà já. Òkúta wẹ́wẹ́ kan tí ẹ́ńjìnnì bá fà mu lè ba abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́. Wákàtí kan lọ. Ṣáájú ìyẹn, ọ̀dà gbọ́dọ̀ tutù. Ó máa ń gbóná tó nǹkan bí 150°C nígbà tí wọ́n bá ń tẹ́ ẹ. Ojú rẹ̀ lè ti le kí inú rẹ̀ ṣì rọ̀ bí ìda, táyà bàálù á sì tẹ̀ ẹ́ rì. Èmi kì í fún un ní ohun tó dín ní wákàtí méjì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òru ńkọ́? Ibi tí iṣẹ́ dúró sí lánàá, ọ̀dà tuntun ga ju ti àtijọ́. Wọn ò lè fi í sílẹ̀ bí àtẹ̀gùn, wọ́n á ti fi ọ̀dà ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síbẹ̀ kí táyà lè gbà á kọjá wọ́ọ́rọ́. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ gé kúrò lálẹ́ yìí. Wákàtí kan tún lọ.

Wákàtí mẹ́ta péré ló kù fún híhọ ọ̀dà àtijọ́ kúrò àti títẹ́ tuntun. Mo ti wà níbi tí ẹ̀rọ tó ń tẹ́ ọ̀dà ti kú lẹ́yìn tí wọ́n ti họ ilẹ̀ tán. Títí ilẹ̀ fi mọ́, ojú ọ̀nà ṣì wà ní híhọ, àwọn èrò sì jókòó dè wá. Torí náà, ẹ̀rọ kejì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, kí wọ́n má sì họ ju ohun tí wọ́n lè bò lọ.

Títì í pa? Ní pápákọ̀ òfurufú Dubai lọ́dún 2022, wọ́n ti ọ̀nà bàálù ti àríwá pa fún ọjọ́ 45, ṣùgbọ́n ti gúúsù ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ò ní èkejì.

Ẹ bẹ àwọn ilé iṣẹ́ bàálù kí èyí tó kẹ́yìn máa balẹ̀ ní mẹ́wàá. Gbígbá ò ní gùn sí i, títutù ò ní gùn sí i. Wákàtí náà lódindi, orí ọ̀dà ló máa bọ́ sí. Mẹ́ta á di mẹ́rin.